Nígbà tí Awọ Ara Bá Ń Bó Nítorí Oògùn: Àrùn Stevens-Johnson

Ọ̀kan wà láàárín àwọn àrùn awọ ara tí kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n tí òṣìṣẹ́ ìlera tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé. Ara aláìsàn yóò sú, yóò lé ròrò, awọ rẹ̀ yóò sì máa bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára, bẹ́ẹ̀ ni iná kò jó o. Àwọn dókítà ọmọdé méjì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Stevens àti Johnson, ni wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1922 lára àwọn ọmọkùnrin méjì. Ní ọdún 1956, dókítà Alan Lyell ti ilẹ̀ Britain kọ nípa irú rẹ̀ tó le jù. Lóde òní, àrùn kan náà ni a ka méjèèjì sí. Bí awọ tó bó kò bá tó ìdá 10 nínú 100 gbogbo ara, ti Stevens-Johnson ni. Bí ó bá ju ìdá 30 lọ, ti Lyell ni. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ti Lyell bá mú, bíi mẹ́ta ni ó ń gba ẹ̀mí wọn, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo rántí ìyá kan tí wọ́n gbé wá sí wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ibà, ọ̀nà ọ̀fun dídùn àti ojú pípọ́n ni ó fi bẹ̀rẹ̀. A béèrè oògùn tó lò, àwọn ẹbí ní kò lo nǹkan kan. Lójú tiwọn, hóró mélòó kan tí a rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì nítorí ìgbẹ́ gbuuru kò tó ohun tí à ń pè ní oògùn. Ní ọjọ́ kẹta ni ọmọ rẹ̀ kó àpò ọ̀rá kan wá, a sì bá páálí co-trimoxazole, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Septrin, nínú rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé oògùn yìí kan náà ni àwa náà ti ń fún un ní wọ́ọ̀dù. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ríran mọ́.

Kí ló ń fà á?

Lára àgbàlagbà, oògùn ni ó sábà máa ń fà á. Lára ọmọdé, àkóràn inú ẹ̀dọ̀fóró náà lè fà á. Kì í ṣe pé oògùn náà jẹ́ ayédèrú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ni wọ́n ṣì í mọ̀ sí ọ̀tá, tí wọ́n sì ń pa awọ ara tiwọn. Àwọn tí a mọ̀ jù ni oògùn tó ní sulfa, bíi co-trimoxazole àti Fansidar. Oògùn wárápá, bíi carbamazepine, phenytoin, phenobarbital àti lamotrigine. Allopurinol tí àwọn tó ní gout ń lò. Àti nevirapine, tí a lò púpọ̀ fún kòkòrò HIV kí dolutegravir tó gba ipò rẹ̀. Ewu náà ga lára ẹni tó ní HIV ju ti ẹlòmíràn lọ. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí da oògùn rẹ̀ nù: ènìyàn díẹ̀ péré nínú mílíọ̀nù kan ni àrùn yìí ń mú lọ́dún.

Oògùn àná kọ́ ni ó sábà máa ń jẹ̀bi. Láàárín ọjọ́ 4 sí 28 lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀ oògùn ni àìsàn náà ń yọjú. Nítorí náà, ẹ kó gbogbo páálí, ìgò àti àgbo tí aláìsàn ti lò láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn wá sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe tijú.

Báwo ni a ṣe ń dá a mọ̀?

Àwòrán inú ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn ń fi àmì pupa hàn lára aláwọ̀ funfun. Lára tiwa, ẹ má ṣe dúró de pupa. Àmì náà lè dúdú ju awọ ìyókù lọ, tàbí kí ó jọ àwọ̀ eérú tàbí elése àlùkò. Bí ó bá ń dùn ju bí ó ṣe ń yún lọ, ẹ fura. Bí ẹnu, ojú tàbí ojú ara bá tún ń di egbò, ẹ sáré. Dókítà lè fi ìka rọra ti awọ náà. Bí apá òkè bá yọ̀ kúrò lórí ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di kánjúkánjú. A lè gé awọ díẹ̀ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n a kì í dúró de èsì rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Ìtọ́jú rẹ̀

Dídá oògùn tí a fura sí dúró lọ́jọ́ náà gan-an ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ oògùn wárápá, dókítà ni yóò fi irú mìíràn rọ́pò rẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan nínú ìdílé kan náà. Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó pọ̀ jù: yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi ara, oúnjẹ láti inú ọ̀pá imú bí ẹnu bá ti bó, oògùn ìrora, àti aṣọ egbò tí kì í lẹ̀ mọ́ ara. A kì í lẹ pílásítà mọ́ awọ yìí, torí pé yóò bá a wá. Ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn oníṣègùn ti lo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti fi ooru pa kòkòrò ara rẹ̀ láti bo irú egbò báyìí. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe iṣẹ́ ilé. Ẹ ṣọ́ra fún ìpara funfun tí a fi ń tọ́jú egbò iná, silver sulfadiazine. Sulfa wà nínú rẹ̀.

A kì í fún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò bí kò bá sí àmì àkóràn. Lórí oògùn steroid, ohùn àwọn onímọ̀ kò tíì ṣọ̀kan; ciclosporin ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lórí ojú, kò sí àríyànjiyàn: kí dókítà ojú rí aláìsàn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, torí pé ìpéǹpéjú lè lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, kí ó sì fọ́ ọ.

Kí aláìsàn tó lọ sílé, a ó kọ orúkọ oògùn náà gàdàgbà sí iwájú fáìlì rẹ̀, a ó sì kọ ọ́ sórí káàdì tí yóò máa gbé kiri. Kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án mọ́ láéláé. Ní Nàìjíríà, a tún gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè ti àjọ NAFDAC, kódà bí ìfura lásán bá ni.