Windows 10 ti kógbá wọlé: Ẹ má tíì sọ kọ̀ǹpútà àlòkù yín nù

Ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025 ni iléeṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti wà nílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ń fi kọ̀ǹpútà àlòkù ṣiṣẹ́ ní Kétu, Pọ́bẹ̀, Sakẹ́tẹ́ àti káàkiri ẹkùn Plateau lórílẹ̀-èdè Benin: ṣé kí n lọ ra òmíràn ni, àbí kí n máa lo èyí tó wà lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ẹni tó ń tẹ̀wé fún oníbàárà, olùkọ́ tó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá, gbogbo wọn ló gbójú lé ẹ̀rọ yẹn.

Kí ló dé tí Windows 11 ò fi wọlé?

Windows 11, tó jáde lóṣù Kẹwàá ọdún 2021, kì í gba gbogbo kọ̀ǹpútà. Ó ń béèrè RAM tó tó 4GB, ààyè ìpamọ́ 64GB, àti ohun èlò ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Bó bá jẹ́ Intel ló ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ìran kẹjọ sókè ló ń fẹ́, ọdún 2017 nìyẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Nítorí náà, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2014, tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ kedere, tí kò sí bọ́tìnì kan tó kú lára rẹ̀, kò ní yege. Ohun tó ń bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú nìyẹn: ẹ̀rọ ò bàjẹ́, òfin ló yí padà.

Àwọn tí ẹ̀rọ wọn yege náà ní ẹjọ́ tiwọn. Lórí Windows 11 ti inú ilé, ó di dandan kí èèyàn ní íntánẹ́ẹ̀tì àti àkáǹtì Microsoft nígbà tó bá ń tò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Níbi tí dátà ti wọ́n, ẹrù tó wúwo nìyẹn.

Ẹnubodè tí kò ní olùṣọ́

Windows 10 ò ní kú lójijì o. Yóò máa tàn, yóò sì máa tẹ̀wé. Àmọ́ bí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí ihò tuntun nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dí i mọ́.

Ọmọ Kétu ò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Odi, yàrà àti ẹnubodè Àkàbà Ìdènà ló dáàbò bo ìlú náà kí ogun Dàhòmì tó kó o lọ́dún 1886. Ẹnubodè tí ẹnì kan ò ṣọ́, bí ẹni pé kò sí ni.

Microsoft fàyè sílẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lè máa gba àtúnṣe ààbò títí di ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá, ọdún 2026. Ọgbọ̀n dọ́là ni owó rẹ̀, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá fi àkáǹtì Microsoft tọ́jú ètò ẹ̀rọ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀nà míì: Linux

Ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Finland, gbé Linux jáde. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní fóònù Android ti ń lò ó láìmọ̀, torí orí Linux ni wọ́n kọ́ Android lé.

Oríṣiríṣi ló wà. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló dá Ubuntu sílẹ̀ lọ́dún 2004. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gúúsù Áfíríkà ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ò sì jìnnà sí ohun táwa ń sọ pé èèyàn laṣọ mi. Èyí tó rọrùn jù fún ẹni tí Windows ti mọ́ lára ni Linux Mint, tí ẹ̀rọ tó ní RAM 2GB àti ààyè 20GB lè gbé.

Àwọn ọlọ́pàá Gendarmerie ilẹ̀ Faransé ti ń kó kọ̀ǹpútà wọn sórí Ubuntu láti ọdún 2008. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó lọ ló dúró. Ìlú Munich ní Jámánì lo Linux fún ọ̀pọ̀ ọdún, lọ́dún 2017 ni ìgbìmọ̀ ìlú náà dìbò pé àwọn ń padà sí Windows.

Kẹ́ẹ tó gbé ìgbésẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo iṣẹ́ yín pamọ́ síbòmíì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé Linux sórí fláàṣì, kẹ́ẹ sì fi fláàṣì náà tan ẹ̀rọ. Yóò ṣiṣẹ́ láìfọwọ́ kan Windows tó wà nínú rẹ̀, bí ẹ ò bá ṣáà ti ní kó wọlé pátápátá. Ẹ wò ó bóyá Wi-Fi, ìró àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ń dáhùn.

Ẹ wo àwọn ètò tẹ́ ẹ fi ń jẹun náà. LibreOffice máa ń ṣí ìwé Word àti Excel, àmọ́ ìlà lè yẹ̀ díẹ̀. Microsoft Office àti Photoshop fúnra wọn kò ṣe é fi síbẹ̀ bó ṣe wà lórí Windows. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró lórí wọn, kó ronú dáadáa.

Lórí bọ́tìnì ìtẹ̀wé, AZERTY ti èdè Faransé wà níbẹ̀, àtẹ Yorùbá náà wà, tí ẹ lè fi tẹ ẹ, ọ àti ṣ.

Ní ti dátà, Linux Mint tó nǹkan bíi 3GB. Ṣùgbọ́n òfin gbà kí èèyàn kan gbà á wálẹ̀, kó sì pín in fún gbogbo àdúgbò. Fláàṣì kan ṣoṣo lè tó gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ kan.

Àwọn àgbà ní bá a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ dán an wò lórí fláàṣì kẹ́ẹ tó náwó sórí ẹ̀rọ tuntun.