Ìrìn àjò òkè òkun: Iṣẹ́ ta ni yóò ṣíwájú nínú tọkọtaya?

Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí bàálù ti ń fò kọjá lórí òrùlé tọ̀sán-tòru, ọ̀rọ̀ lílọ sókè òkun kì í ṣe tuntun. Ẹni tó ń ṣíwájú ló yí padà. Ní àwọn ọdún 1960, ọkọ ló sábà máa ń lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ìyàwó yóò tẹ̀ lé e lọ ṣiṣẹ́ tí wọn yóò fi jẹun. Lóde òní, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí ìyàwó ń ṣe ló ń gbé ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Òfin gba ọkọ nọ́ọ̀sì láàyè láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n rírí iṣẹ́ tó kọ́ ṣe ni wàhálà. Lọ́yà tó ń rojọ́ ní kóòtù Èkó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò tiwọn. Kí ó tó yege, ó lè di ẹni tó ń to ẹrù tàbí tó ń tọ́jú arúgbó. Nọ́ọ̀sì náà sì lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12 lẹ́ẹ̀kan, nígbà mìíràn lóru. Ta ni yóò mú ọmọ lọ sílé ìwé? Kò sí ìyá àgbà nítòsí, owó tí wọ́n ń gbà láti báni tọ́jú ọmọ sì wọ́n.

Ọ̀nà tún ti dín kù. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ẹni tó lọ kàwé gboyè máṣítà kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́, àfi àwọn díẹ̀ bí àwọn tó lọ ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún náà, ó kan àwọn olùtọ́jú arúgbó. Ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n dáwọ́ gbígba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti òkèèrè dúró.

Àìjọ gbèrò kì í mọ sórí tọkọtaya nìkan. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ òbí gbé ọmọ fún òyìnbó wò kí wọ́n lè ráyè kàwé. Irú rẹ̀ ni òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1967, tó dàgbà sọ́wọ́ ìdílé òyìnbó ní Tilbury. Ìtàn náà ló fi ṣe fíìmù Farming ní ọdún 2018.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí wọ́n tó ta ilẹ̀ tàbí mọ́tò, kí tọkọtaya fẹnu kò: iṣẹ́ ta ni yóò ṣíwájú, ọdún mélòó ni èkejì yóò fi ṣe sùúrù, ta ni yóò sì dúró ti ọmọ? Ẹ̀yin òbí tó wà nílé, bí ẹ bá gbọ́ pé ọmọ yín ọkùnrin ń dáná, tó ń wẹ ọmọ lọ́hùn-ún, ẹ má sọ pé ìyàwó ti fún un ní nǹkan jẹ. Iṣẹ́ ilé náà ni ọwọ́ rẹ̀ bá.