Ta Ni Yóò Wa Ọkọ̀ Náà Délé?

Bí oṣù Ẹrẹ́nà bá ti ń lọ sópin, ariwo tuntun a máa sọ nínú aṣálẹ̀ tó yí ìlú Quartzsite ká, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì tí a kò ṣáná sí láti oṣù Ṣẹẹrẹ a tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Àwọn àgbàlagbà a máa ká àtíbàbà tí wọ́n ta síwájú ilẹ̀kùn, wọn a máa gbọn iyanrìn kúrò lára ẹní. Àwọn ẹyẹ yìnyín ń múra àtirelé.

Orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn tó ń sá fún òtútù Kánádà àti ti àríwá Amẹ́ríkà lọ síbi tí oòrùn wà nìyẹn. Ẹni tó bá mọ bí lékèélékèé ti ń ya wọ̀lú wa lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí yóò sì tún wábi gbà nígbà tí òjò bá dé, kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọkọ àti aya tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Inú ọkọ̀-ilé ni wọ́n ń gbé, ìyẹn ọkọ̀ tó ní ibùsùn, ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Nǹkan bí 2,400 ènìyàn ni ìkànìyàn ọdún 2020 bá nílùú Quartzsite, ṣùgbọ́n nígbà òtútù, àlejò a máa pọ̀ ju onílé lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Kì í ṣe owó ńlá ló gbé wọn débẹ̀. Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni púpọ̀ nínú aṣálẹ̀ náà, ìjọba sì ti ya àwọn ibùdó kan sọ́tọ̀ láti ọdún 1983 fún àwọn tó fẹ́ pẹ́. Ní ibùdó La Posa, 180 dọ́là ni ìwé àṣẹ ti jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti ọjọ́ 15 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ títí di ọjọ́ 15 oṣù Igbe: oṣù méje gbáko. Owó náà kò mú iná mànàmáná wá o. Sólà orí òrùlé ni wọ́n gbójú lé. Wọ́n ń lọ pọn omi níbi kan, wọ́n sì ń lọ tú ìdọ̀tí dà níbòmíràn. Ọkọ àti aya tó bá ti gbé báyìí fún oṣù mélòó kan ti mọ iye àwo tí garawa omi kan lè fọ̀. Wọ́n sì ti mọ bí a ti í bínú síra ẹni láìsí yàrá kejì tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ kí ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo irú wọn kan, ará Calgary ní ìpínlẹ̀ Alberta ní Kánádà, tí àwọn méjèèjì ti lé ní 70 ọdún. Ìgbà wo ni kí wọ́n gbéra? Bí wọ́n bá pẹ́ jù, ooru yóò lé wọn, nítorí pé nígbà tí ooru bá dé gan-an, Quartzsite a máa kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí wọ́n bá yá jù, yìnyín ń dúró dè wọ́n. Quartzsite kò ga ju nǹkan bí 270 mítà lọ, ṣùgbọ́n òpópónà I-15 tí wọn yóò gbà yóò gbé wọn gun òkè Monida, ní ààlà Idaho àti Montana, tó ga tó nǹkan bí 2,090 mítà. Yìnyín lè bọ́ síbẹ̀ nínú oṣù Igbe, kódà nínú oṣù Ẹ̀bìbì. Omi tó bá dì nínú páìpù ọkọ̀-ilé lè fọ́ páìpù náà, onílé kò sì ní mọ̀ títí yìnyín yóò fi yọ́, tí omi yóò máa ṣàn lábẹ́ ibùsùn.

Òfin pàápàá ń lé wọn. Ní Alberta, ẹni tí kò bá lo ọjọ́ 183 nílé láàárín oṣù 12 lè pàdánù ìtọ́jú ìlera tí ìjọba ń san owó rẹ̀. Amẹ́ríkà náà ń ka ọjọ́ nítorí owó orí. Wọn a ka gbogbo ọjọ́ tí àlejò lò lọ́dún yìí, wọn a fi ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ tó lò léṣìí kún un, wọn a tún fi ìdá kan nínú mẹ́fà ti ọdún tó ṣáájú èṣí kún un. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá pé 183, àlejò ní láti kọ̀wé ṣàlàyé ara rẹ̀ fún agbowó orí. Ẹni tó ń lo 120 ọjọ́ lọ́dọọdún yóò rí 120, 40 àti 20. Ọjọ́ 180 nìyẹn. Àwa tí a ń wò ó bí ìsinmi kò mọ̀ pé ìwé ìṣirò wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Lẹ́yìn èyí ni yíyẹ ọkọ̀ wò. Eku aṣálẹ̀ a máa kọ́ ìtẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, a sì máa jẹ wáyà. Táyà ni ọ̀rọ̀ tó tóbi jù. Táyà ọkọ̀-ilé kì í sábà jẹ tán kí ó tó bàjẹ́; ọjọ́ orí àti oòrùn ló ń pa á níbi tó dúró sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT lára rẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 1821 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 18 ọdún 2021. (Ẹ̀yin tó ń ra táyà tokúnbọ̀ nílé, ẹ fi èyí sápò, ó ṣeé gbára lé ju ẹnu ẹni tó ń tà á lọ.)

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ ìmúrasílẹ̀ púpọ̀ wọn. Ọkọ ló ń wa ọkọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Aya ló ń ka máàpù, tó ń wá ibi tí wọn yóò sùn, tó mọ oògùn tí ọkọ rẹ̀ ń lò àti àkókò tó yẹ kí ó lò ó. Ètò náà dára títí di ọjọ́ tí àyà bá dun ọkọ ní Utah, níbi tí ìlú kan jìnnà sí èkejì. Ọkọ̀ tó gùn tó mítà mẹ́wàá, tó tún ń wọ́ mọ́tò kékeré lẹ́yìn, kì í ṣe ohun tí a ń kọ́ ní ẹ̀bá ọ̀nà lọ́jọ́ tí ẹ̀mí wà nínú ewu.

Èmi kò gbà pé ẹ̀rù ọkọ̀ ńlá nìkan ló ń dá àwọn aya dúró. Nígbà mìíràn, ọkọ ni kò fẹ́ dìde lórí àga náà. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò sí ẹni tó ń pè é ní ọ̀gá mọ́, sítíárìn lè jẹ́ ohun ìkẹyìn tó ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Bí ó bá gbé e fún aya, ó ti gbà pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun kò ní lè wà á mọ́. Àwọn kan gbà á síbẹ̀. Wọ́n sọ aṣálẹ̀ di ilé ẹ̀kọ́, níbi tí ilẹ̀ tẹ́jú, tí ògiri kò sì sí tí a lè fi ọkọ̀ gbá. Aya a wà á láràárọ̀, ọkọ a jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún, a sì panu mọ́. Mo fura pé ìpanumọ́ yẹn ló ṣòro jù nínú ẹ̀kọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé àwọn tiwa yìí ṣe é.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà ní Quartzsite ló ní ibi tí yóò padà sí. Ìwé Nomadland tí Jessica Bruder gbé jáde lọ́dún 2017, tí Chloé Zhao fi ṣe fíìmù, tẹ̀lé àwọn àgbà Amẹ́ríkà tí owó ilé ti ga ju agbára wọn lọ, tí ọkọ̀ sì di ilé kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Fún irú wọn, ibi tí iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ bá wà ni ọ̀nà dorí kọ. Nínú itẹ́ òkú ìlú náà sì ni Hadji Ali sùn sí, ẹni tí ẹnu àwọn ará ibẹ̀ sọ di Hi Jolly. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló mú un wá láti ilẹ̀ Ottoman ní 1856 láti máa da ràkúnmí. Ó kú lágbègbè náà ní 1902. Ère ràkúnmí ló wà lórí ibojì rẹ̀. Àwọn àlejò a máa ya fọ́tò níbẹ̀, wọn a sì padà lọ ká àtíbàbà wọn.

Ọ̀nà Calgary lé ní 2,000 kìlómítà. Àwọn arìnrìn-àjò yìí ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní mẹ́ta-mẹ́ta-mẹ́ta: má wakọ̀ ju 300 máìlì lọ lóòjọ́, gúnlẹ̀ kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, sì lo ọjọ́ mẹ́ta níbi tí o bá dé. Lákòókò àtibọ̀, ilé a máa fà wọ́n, wọn a sì gbàgbé mẹ́ta tó kẹ́yìn. Las Vegas, St. George, Salt Lake City, Idaho Falls. Ẹ̀fúùfù a máa ti ọkọ̀ gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Níbì kan lójú ọ̀nà, kí òtútù tó le, wọn yóò tú gbogbo omi dà, wọn yóò sì rọ oògùn tí kì í jẹ́ kí páìpù dì sínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, omi inú ike ni wọn yóò máa mu, òun náà ni wọn yóò fi fọ ẹnu. Ilé tí wọ́n ti ń gbé láti ìgbà òtútù ti di ọkọ̀ lásán padà.

I-15 parí sí Sweetgrass ní Montana. Coutts ní Alberta ló wà ní òdìkejì ààlà. Asọ́bodè yóò béèrè ohun tí wọ́n rù. Wọn kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú igi ìdáná, nítorí kòkòrò tó lè bá a wọlé tí yóò sì ba igbó jẹ́. Ata afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń fín ọ̀daràn lójú kò gbọdọ̀ kọjá rárá. Aya ló ń dáhùn, nítorí òun ló jókòó sídìí sítíárìn láti àárọ̀.

Ní Calgary, yìnyín tó ti dọ̀tí ṣì wà ní kọ̀rọ̀ àgbàlá. Ọ̀nà tó wọ ilé kò fẹ̀. Ọkọ sọ̀kalẹ̀, ó lọ dúró lẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Aya wo dígí ọ̀tún, ó wo ti òsì, ó fi ọkọ̀ sí ríbáàsì.

“Ó kù díẹ̀,” ni ọkọ wí.

Aya kò dá a lóhùn. Ojú rẹ̀ wà lára dígí.