Ọ́ìlì Lára Púlọ́ọ̀gì: Ẹ Má Tíì Sáré Ra Tuntun

Ká ní Peugeot 504 àtijọ́, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975, ń já lójú ọ̀nà Ìkìrun sí Ìnísà àti Òkukù. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ bá a tó dúdú, tó tutù, tó ń dán. Ọ́ìlì ti bò ó nìyẹn. (Tó bá dúdú àmọ́ tó gbẹ, epo bẹntiróòlù ló pọ̀ jù.) Ẹ lè ra tuntun, àmọ́ kò ní pẹ́ tí ìyẹn náà á fi dúdú.

Kí ló fà á? Iná tó lè lé ní 10,000 volt ló ń fò kọjá àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì, tí kò tó mílímítà kan, láti tan epo. Èédú tí ọ́ìlì tó jó fi sílẹ̀ máa ń gbé iná, torí náà iná á gba ara èédú lọ, kò ní fò mọ́.

Ẹ wo èéfín. Tó bá ṣe búlúù nígbà tí ẹ tẹ ọkọ̀, ó ṣeé ṣe kí ríìnǹgì ti jẹ. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ta á, ẹ fura sí gáìdì fáàfù.

Kẹ́ ẹ tó gbà kí wọ́n tú ẹ́ńjìnì, ẹ ní kí mẹkáníìkì wọn kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n, kó da ṣíbí ọ́ìlì kan sínú ihò púlọ́ọ̀gì, kó tún un wọ̀n. Tó bá lọ sókè dáadáa, ríìnǹgì ni. Tí kò bá yí padà, ẹ yẹ fáàfù wò.

Púlọ́ọ̀gì kọ́ lolè o. Òun ló ń pariwo olè.