GBOGBO IBÀ ỌMỌ KỌ́ NI TI EYÍN! Ẹ̀YIN ÌYÁ, Ẹ MÁA WO ÌTỌ̀ ỌMỌ YÍN

Ní Máìlì 12, kí ọkọ̀ tòmátì tó já ẹrù tán, igbe ọmọ á ti máa dún lẹ́yìn ìyá tó ń pàtẹ. Ara ọmọ gbóná, ó ń bì, kò mu ọmú. Kí làwọn tó wà nítòsí máa wí? "Eyín ló ń hù." Ìyá á pe olóògùn tó ń kiri, á ra oògùn olómi, á rọ ṣíbí kan sọ́mọ lẹ́nu, ọjà á sì máa lọ.

Ẹ rántí ọdún 2008. Oògùn eyín kan wà tó ń jẹ́ My Pikin. Àwọn ìyá tó rà á ò mọ̀ pé májèlé diethylene glycol, irú èyí tó máa ń wà nínú omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tutù, ti wọ inú rẹ̀. Ara àwọn ọmọ gbóná, wọ́n ń bì, wọ́n ń yàgbẹ́, nígbà tó yá wọn ò tọ̀ mọ́. Kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2009, ìjọba ní ọmọ 84 ló ti kú. Lọ́dún 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó ju méjì nínú òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é sẹ́wọ̀n ọdún méje. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ò jí òkú ọmọ.

Eyín kì í mú kí ara ọmọ gbóná janjan. Ó lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ inú ìtọ̀ ni àìsàn wà. Kòkòrò inú ìgbẹ́ ló máa ń gba ojú ara wọlé, pàápàá lára ọmọbìnrin, nítorí ọ̀nà ìtọ̀ tiwọn kúrú. Kì í ṣe àtọ̀sí, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ò lè sọ ọ́. Ibà, èébì àti ẹkún nìkan lẹ máa rí. Èyí tó ti dàgbà á máa tọ̀ léraléra, á máa ké bó bá ń tọ̀, tàbí kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti jáwọ́. Ọmọkùnrin tí ìtọ̀ rẹ̀ ò ta jáde, tó kàn ń kán tó-tó-tó, ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù. Ó lè jẹ́ pé nǹkan dí ọ̀nà ìtọ̀ láti inú oyún.

Kékeré la ti ń ṣẹ́ ìrókò. Bí àìsàn yìí bá gòkè dé kíndìnrín lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó lè fi àpá síbẹ̀, kó sì di ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́jọ́ iwájú.

Kí ni ṣíṣe?

Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọsibítù ìjọba ní Gbágadà ò jìnnà sí Máìlì 12. Ẹ má fún un ní ìdajì kápúsù kẹ́ ẹ tó débẹ̀, kó má bàa da àyẹ̀wò rú. Bí dókítà bá fún un lóògùn, ẹ jẹ́ kó lò ó tán. Ẹ nu ìdí ọmọbìnrin láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ẹ tètè pààrọ̀ pámpásì. Ẹ fún ọmọ tó ti já lẹ́nu ọmú lómi tó mọ́ dáadáa. Bí ọmọ ò bá tọ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ẹ pa ìsọ̀ dé, ẹ máa gbé e lọ!

Tòmátì tó bá rà lónìí, ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ lọ́la láti òkè Ọya. Kò sí ọkọ̀ tó ń kó kíndìnrín ọmọ bọ̀.