Èéfín Ni Ìwà: Ìmọ̀ràn fún Àgbẹ̀ Tí Yóò Ra Katakata Kékeré

Àwọn àgbà a máa wí pé èéfín ni ìwà: bí a tilẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, yóò rú jáde. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ òtítọ́ nípa ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó jẹ́ òtítọ́ nípa ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá dúró ní etí omi ní Snake Island, erékùṣù tí ó gùn tí ó sì lọ́ bí ejò, tí orúkọ rẹ̀ sì ti ibẹ̀ wá, yóò rí èbúté Tin Can Island àti ti Apápá ní òdìkejì omi. Nínú àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń gúnlẹ̀ níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ katakata ìroko ti ń wọ ilẹ̀ yìí, tuntun àti tòkunbọ̀, kí wọn tó lọ sí oko Àgbádárìgì, Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Abẹ́òkúta.

Ojú nìkan ni ọ̀pọ̀ olùrà fi ń ra ọjà yìí. Wọn a wo ọ̀dà rẹ̀ bí ó ti ń dán, wọn a fi ẹsẹ̀ ta táyà rẹ̀, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Wọn kì í bèèrè irú ẹ́ńjìnnì tí ó wà nínú rẹ̀, tàbí ohun tí a fi sí ojú ọ̀nà èéfín rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni níbẹ̀ gan-an ni èrè tàbí àdánù ọdún mẹ́wàá fara pamọ́ sí.

Bí Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì Ti Ń Ṣiṣẹ́

Ará Jámánì kan, Rudolf Diesel, tí a bí ní Paris ní ọdún 1858, ni ó ronú kan irú ẹ́ńjìnnì yìí. Ní ọdún 1897, ní ìlú Augsburg, ni èyí tí ó ṣe yọrí. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí epo. Ti dísẹ́ẹ̀lì kò ní. Písítìnnì a máa fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sìlíńdà títí ìwọ̀n bí i méjìdínlógún yóò fi di ẹyọ kan. Afẹ́fẹ́ náà a gbóná ju 500 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, àti pé bí a bá ti fọ́n epo sínú rẹ̀, epo náà a gbiná fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ fi ń jẹ epo díẹ̀ tí ó sì ń fa ẹrù wúwo. Ní ìpàtẹ ńlá Paris ti ọdún 1900, òróró ẹ̀pà ni a fi wa ọ̀kan nínú wọn.

Ewu Tí Ó Wà Nínú Èéfín

Ohun búburú méjì ni ó pọ̀ nínú èéfín dísẹ́ẹ̀lì. Èkínní ni eruku dúdú, tí ó kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí imú kò lè dá a dúró, tí ó sì ń wọlé dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Èkejì ni gáàsì náítírójìn, tí ń ta ọ̀nà ọ̀fun tí ó sì ń mú kí èémí nira fún ẹni tí ó ní ikọ́ fée. Ní oṣù kẹfà ọdún 1912 kọ́, bí kò ṣe ọdún 2012, ni àjọ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde gbangba pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ó pẹ́ kí ayé tó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2018 nìkan, afẹ́fẹ́ búburú pa ènìyàn bí 11,200 ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Kì í ṣe dísẹ́ẹ̀lì nìkan ni ó fà á. Ilé iṣẹ́, ẹ̀rọ amúnáwá àti ìdọ̀tí tí a ń sun wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbé Ajégúnlẹ̀ tàbí Apápá, lẹ́bàá ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà lọ sí èbúté, mọ ipa tí dísẹ́ẹ̀lì kó níbẹ̀.

Ohun Tí Àwọn Tí Ń Ṣe Ẹ̀rọ Fi Dá Èéfín Dúró

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Ọ̀nà èkínní ni láti dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú sìlíńdà, kí iná inú rẹ̀ má baà gbóná jù. Èyí a máa dín gáàsì náítírójìn kù. Ọ̀nà kejì ni asẹ́ tí a fi sínú sàlẹ́ńsà, tí ń mú eruku dúdú náà sílẹ̀. Nígbà tí asẹ́ bá fẹ́ kún, ẹ̀rọ yóò mú èéfín gbóná tó bí 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius láti sun eruku náà di eérú. Ọ̀nà kẹta ni omi yúríà, tí a ń fọ́n sínú èéfín láti sọ gáàsì náítírójìn di afẹ́fẹ́ tí kò léwu. Ìpín 32.5 nínú ọgọ́rùn-ún omi yìí ni yúríà, ìyókù sì jẹ́ omi tí a ti yọ gbogbo iyọ̀ àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò. Kí àgbẹ̀ kankan má ṣe bu yúríà ajílẹ̀ sínú omi kànga kí ó rò pé òun ti rí i ṣe. Bíba ẹ̀rọ jẹ́ ni.

Òfin Amẹ́ríkà ni ó pín àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí sí ìsọ̀rí, ó sì yẹ kí olùrà mọ̀ ọ́n, nítorí púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ ti ibẹ̀ wá. Katakata tí agbára rẹ̀ kò tó ti ẹṣin 25 lè bá òfin mu láìní asẹ́. Èyí tí ó wà láàárín 25 sí 75, tí a ṣe láti ọdún 2013 wá, kò gbọdọ̀ tú ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù eruku jáde fún ìwọ̀n iṣẹ́ kílówáàtì kan fún wákàtí kan. Nítorí náà púpọ̀ nínú wọn ní asẹ́. Èyí tí ó ju 75 lọ ni ó sábà máa ń lo omi yúríà. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù tún le sí i láti ọdún 2019.

Epo Wa Ni Ìṣòro

Asẹ́ fẹ́ epo mímọ́. Imí-ọjọ́ inú epo ni ọ̀tá rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìpín 15 nínú mílíọ̀nù kan ni imí-ọjọ́ tí òfin gbà láàyè nínú dísẹ́ẹ̀lì. Ní Nàìjíríà, títí di ọdún 2016, ìpín 3,000 ni òfin gbà. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire fi ohùn ṣọ̀kan ní Àbújá láti mú un wá sí 50. Ní ọdún 2020 ẹgbẹ́ ECOWAS sì fi ọwọ́ sí ìwọ̀n kan náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kkí bẹ̀rẹ̀ sí í pọn dísẹ́ẹ̀lì. Àtúnṣe ń bọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wẹ epo tí alágbàtà ti pò mọ́ òmíràn nínú dúrọ́ọ̀mù.

Ẹ jẹ́ kí á wo àgbẹ̀ tí ó ra katakata ẹṣin 40, tí asẹ́ wà nínú rẹ̀, tí ó sì ń bu epo tí kò mọ orísun rẹ̀ sí i. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ilẹ̀ ti rọ̀, àwọn alágbàṣe ti dé. Iná pupa tàn níwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ dín agbára ara rẹ̀ kù. Kò lè fa ohun ìtúlẹ̀ mọ́. Mẹkáníìkì tí ó ní kọ̀ǹpútà tí yóò bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ kò sí nítòsí. Kí a tó rí i, ìgbà ìgbìn ti kọjá.

Èwo Ni Kí A Rà?

Ẹni tí oko rẹ̀ kò ju éékà díẹ̀ lọ, pàápàá lórí ilẹ̀ yanrìn etí omi, kò nílò ju èyí tí kò tó ẹṣin 25. Kò ní asẹ́ tí yóò dí, ó rọrùn láti tún ṣe, èéfín rẹ̀ sì mọ níwọ̀n bí a bá ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí oko rẹ̀ tóbi, tí ó sì ń ra epo mímọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó dá lójú, tí mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ sì wà nítòsí rẹ̀, kí ó ra èyí tí ó ní asẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró awakọ̀ yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó máa fi í ṣe iṣẹ́ gidi. Bí ẹ̀rọ bá ń kùn lásán láìfa ẹrù, èéfín rẹ̀ kì í gbóná tó láti sun ohun tí asẹ́ mú. Ẹni tí kò ní epo mímọ́, tí ó sì nílò agbára púpọ̀, lè wá èyí tí a ṣe kí ọdún 2013 tó dé; kí ó mọ̀ pé èéfín rẹ̀ pọ̀ jù, kí ó sì ṣọ́ra.

Àwọn kan a gé asẹ́ sọnù kí wọn tó tà á. Kí olùrà kan sàlẹ́ńsà bóyá ó dún bí agolo òfìfo, kí ó wo ojú ibi tí a jó lẹ́ẹ̀kejì. Kí ó yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ̀rọ tó dáhùn: gbogbo iná ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ tàn, kí wọn sì kú lẹ́yìn náà. Èyí tí kò tàn rárá, wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́.

Kí ó fi ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọn tó ṣí i. Bí ó bá ti gbóná, a ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ dè é. Lẹ́yìn náà kí ó wo èéfín. Bí ó bá dúdú, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ tàbí asẹ́ afẹ́fẹ́ ti dí. Bí ó bá ní àwọ̀ aró, ó ń jẹ ọ́ìlì. Bí ó bá funfun tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ̀rọ gbóná, epo kò jó tán, tàbí omi ti wọ sìlíńdà.

Ìtọ́jú Ní Etí Omi

Ní Snake Island, ojú omi ni epo ń gbà dé. Kí a má ṣe da á láti inú kẹ́ẹ̀gì tààrà sínú ẹ̀rọ; kí a jẹ́ kí ó sinmi mọ́jú, kí a fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí a má sì bu ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni omi ń gbé. Kí a máa tú omi kúrò nínú asẹ́ epo lójoojúmọ́. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun a máa jẹ wáyà. Kí a fi omi tí kò níyọ̀ fọ ẹ̀rọ, kí a sì nù ún gbẹ.

Kí a má ṣe ṣí katakata nínú ilé tí a tì pa, kí ọmọdé má sì ṣeré lẹ́yìn sàlẹ́ńsà rẹ̀. Èyí tí ó ní asẹ́, kí a má gbé e sórí koríko gbígbẹ nígbà tí ó bá ń sun eruku, nítorí ó lè ti ibẹ̀ jó oko.

Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọjọ́ kan péré ni a fi ń ra ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ ni a ó fi mí èéfín rẹ̀.