Ta Ló Ní Ọkùnrin Nìkan Ni Ẹnjiníà? Yàrà Ìjẹ̀bú Kò Sọ Bẹ́ẹ̀

Bí wọ́n bá ní kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ya àwòrán ẹnjiníà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò ya ọkùnrin tó dé akoto, tó mú sípánà lọ́wọ́, tí epo sì ta sí aṣọ rẹ̀. Èrò yìí kò mọ sọ́dọ̀ ọmọdé. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, bíi ti àwọn ìlú Yorùbá mìíràn, àwọn ènìyàn a máa pe ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe ní ẹnjiníà. Bí ọmọbìnrin bá sì ní iṣẹ́ náà ló wu òun, wọn a bi í bóyá ó lágbára láti gbé irin.

Síbẹ̀, ìlú yìí kò jìnnà sí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ yàrà àti odi tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà, orúkọ obìnrin ni wọ́n sì fi ń pè é. Ẹrẹ́dò Ṣùngbọ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Bílíkísù Ṣùngbọ́, obìnrin ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, kí orúkọ òun má bàa parẹ́. Òkè-Ẹ̀rí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ní ibojì rẹ̀ wà. Àwọn onímọ̀ nípa ohun àtijọ́ kò tíì rí ẹ̀rí tó fìdí ìtàn yìí múlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó ń sọ ọ́ kò kà á sí èèwọ̀ pé obìnrin ló pàṣẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Yàrà náà tún ń ṣàlàyé ohun tí ẹnjiníà ń ṣe ní ti gidi. Agbára apá ló wa ilẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ mọ ibi tí yàrà yóò gbà, bí yóò ti jìn tó, àti ibi tí wọn yóò kó erùpẹ̀ sí kó lè di odi. Ìrònú, ìṣirò àti ètò ni iṣẹ́ ẹnjiníà, ìbáà jẹ́ afárá, omi ẹ̀rọ, iná mọ̀nàmọ́ná tàbí kọ̀ǹpútà ló dojú kọ. Mẹkáníìkì ní iyì tirẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni.

Ní ọdún 1974, Joanna Maduka di obìnrin àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1958, kò ní obìnrin ní ipò ààrẹ títí di ọdún 2024, nígbà tí Margaret Oguntala gorí àléfà. Ọdún 66 gbáko nìyẹn.

Àdánù tí èrò yìí ń fà kì í ṣe kékeré. Ọmọbìnrin tó mọ ìṣirò lè fi ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ nítorí pé ẹnìkan wí fún un pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ìlú tó ń wá ọ̀nà tó dára àti omi tó mọ́ ló pàdánù rẹ̀. Ọgbọ́n ju agbára lọ, ni àwọn àgbà wí. Òbí tó bá fẹ́ dí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní Ìjẹ̀bú, kó kọ́kọ́ mú un lọ wo Ẹrẹ́dò ná.